Bí Ọdẹ́lékè Ṣe Lọ Wá Ìrù Ẹran Tó Ju Erin Lọ

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná kó yára lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó lọ yọ iṣu. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti pa ẹfọ̀n mẹ́rin, mo ti bá àmọ̀tẹ́kùn pín ihò àpáta kan nígbà tí òjò ká wa mọ́ igbó, síbẹ̀ n kò tó ẹni tí yóò ru àpò ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdẹ́lékè ni orúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ ní Ìlárá-Odò, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ìtàn náà nígbà mẹ́tàdínlógún. Gbogbo ìgbà tó bá sọ ọ́ ló ń gùn sí i. Èmi kò ní fi kún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ mọ àṣà àwa ọdẹ. Bí ọdẹ bá pa erin, kò sí orí tó lè ru erin, ìrù rẹ̀ ni yóò gé, òun ni yóò gbé wá síwájú Olúọdẹ. Ẹni tí ìrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ẹran, kò sí ẹni tó tún lè bá a du ú. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́bùnmi, ẹni tí Ọdẹ́lékè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ẹ̀tù bọ ìbọn, gbé ìrù erin wọ̀lú. Àwọn obìnrin ń ki í, àwọn àgbà ń bu ẹmu fún un, kò sì sí ẹni tó rántí pé Ọdẹ́lékè wà níjòókòó. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó sì ti mu ẹmu díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, ó ti mu ẹmu púpọ̀. Ó dìde fìrì, ó fa àdá Olúọdẹ yọ, ó fi ẹnu kan irin, ó ní kí iṣu tuntun tó jáde, òun yóò mú ìrù ẹran tó ju erin lọ wá síbẹ̀, bí òun kò bá mú un wá, kí irin pa òun.

Ìbúra irin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi panu sí ẹmu. Olúọdẹ Ògúngbèmí, arúgbó olójú kan tó fi ojú kan yẹn ríran ju gbogbo wa lọ, wò ó títí, ó wá ní, “Ọdẹ́lékè, irin ti gbọ́.”

Nígbà tí ojú rẹ̀ dá tó sì sọ ọ́ fún Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín tí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó bi í léèrè ẹran tó ju erin lọ tó mọ̀, ó ní bí kì í bá ṣe ẹnu rẹ̀, òun kò rí òmíràn. Síbẹ̀ ó gún àádùn, ó dì í sínú ewé, ó kì í kún àpò. Ọdẹ́lékè gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ tó ti ki ẹ̀tù ńlá kan sí, ẹ̀tù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ó ní ẹran tí òun ń lọ bá kò ní dúró de èkejì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín ti kúrò lójú Àyọ̀ká.

Ó ní, “Èmi ò wá ìrù o. Ìwọ ni kó o padà wá.”

Bí Ọdẹ́lékè ṣe wọ Igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ nìyẹn. Igbó yìí kò fẹ́ràn èèyàn rárá, àwọn igi ibẹ̀ a sì máa yí ẹ̀yìn pa dà sí àlejò. Níbẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀, ó fi etí lélẹ̀, bí ọdẹ ṣe ń ṣe tó bá ń wá ibi tí ẹran gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó gbọ́ ìró kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, kì, kì, kì, bí àyà ẹran tó ń lù. Ó sì rí i pé ilẹ̀ náà ń wú díẹ̀, ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ikùn ẹran tó sùn. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó ní ẹran náà kò jìnnà mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn.

Ó yọ́ rìn fún ọjọ́ méje. Ó tún fi etí lélẹ̀. Kì, kì, kì, ìró náà kò sún mọ́ ọn, kò sì jìnnà sí i. Ó rìn fún ọjọ́ méje mìíràn, bákan náà ni. Ó sáré, bákan náà ni. Ó fi ẹ̀yìn rìn kí ẹran náà lè rò pé òun ń lọ ni, bákan náà ni. Ní ogójì ọjọ́, inú bí i, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní kí ẹran náà jáde kí wọ́n jọ wọ̀yá ìjà bí ó bá jẹ́ ẹran gidi.

Ẹni tó jáde kì í ṣe ẹran. Iwin kan ni, Ojúkókósẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ojú rẹ̀ kò sí lórí rẹ̀, kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló wà. Ó bínú nítorí eruku tí Ọdẹ́lékè fi ẹsẹ̀ jan sí i lójú. Àwọn méjèèjì wa ara wọn mú. Wọ́n jà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Iwin náà gbé ọ̀gá mi sókè, ó fi í gbá igi mẹ́ta, igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wó, orí Ọdẹ́lékè kò fọ́. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣe é, orí ọdẹ ìgbà náà kì í ṣe irú orí tí ẹ gbé wá síbí lónìí. Níkẹyìn ó rántí ibi tí ojú ọ̀tá rẹ̀ wà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lójú. Iwin náà pariwo, ó ní òun gbà, kí ó sọ ohun tó ń wá.

Nígbà tí Ojúkókósẹ̀ gbọ́ pé ẹran tó ju erin lọ ni, ó jókòó, ó ń nu ojú rẹ̀, ó wá fi àlọ́ kan bi í. Ó ní, “Eégbọn kan ń wá ajá. Ó rìn láti ìdí títí dé etí, ó ní òun kò rí ajá kankan. Níbo ni ajá wà?”

Ọdẹ́lékè rẹ́rìn-ín, ó ní eégbọn náà mà gọ̀ o, ṣebí ara ajá ló wà. Iwin náà kàn ń wo ẹsẹ̀ Ọdẹ́lékè. Ọ̀gá mi náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé èkejì. Ó fo sókè pátápátá kí ó má bàa dúró lé ẹran náà lórí, ó sì bọ́ padà sí orí rẹ̀ gan-an níbi tó ti fò. Ìgbà náà ni ó yé e. Ogójì ọjọ́ ló fi ń tọ ipasẹ̀ ẹran lórí ẹ̀yìn ẹran. Ilẹ̀ tí a bí i sí, tó ń sùn lé, tó ń gbin ilá sí, òun ni ẹran tó ju erin lọ, ó sì wà láàyè.

Ẹlòmíì ì bá fọwọ́ lé àyà. Ọdẹ́lékè kọ́kọ́ jó ni. Ó ní erin Ọdẹ́bùnmi di eku. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí òun rí ìrù gé, iwin náà sì sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ rí ìrù ajá, kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lára ajá, kó máa lọ sí ìlú Ìgòkè.

Ìlú Ìgòkè ni ọ̀pẹ kan wà tí ẹnì kan kò rí orí rẹ̀ rí. Ìdajì àwọn ará ìlú ń ro oko nídìí rẹ̀, ìdajì ń gùn ún. Ibi tí agbára baba bá pin sí lókè ni ọmọ rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìjà ni Ọdẹ́lékè bá lẹ́nu wọn nígbà tó dé. Àgbẹ̀ kan ń bú àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó ní koríko kún oko, ọlọ́kọ́ kò tó, àwọn kan ń gòkè lọ wo ohun tí kò kàn wọ́n. Ìyá Ọmọ́tádé, obìnrin arúgbó tó ni gbogbo igbà tí wọ́n fi ń gùn ún, jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Ó wá bi í léèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí eéṣú lọ́dún tí eéṣú wá, àti ibi tí ẹni náà wà tó ti kígbe kí wọ́n yára kórè. Àgbẹ̀ náà họ orí. Ó ní òkè ló wà. Ìyá náà tún ní iṣu ta ni àwọn tó wà lókè ń jẹ? Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣu òun ni. Ìjà tán nìyẹn, títí di ọ̀la tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ọmọ́tádé gbọ́ ohun tí Ọdẹ́lékè ń wá, ó fún un ní igbà kan, ó sì mú àdó méje jáde. Ó ṣí wọn sí afẹ́fẹ́, ó fi ìda oyin dí wọn lẹ́nu, ó so wọ́n mọ́ ọn nídìí. Ọdẹ́lékè rò pé oògùn ni, ó fẹ́ mọ èèwọ̀ rẹ̀.

Ìyá náà ní, “Kò sí oògùn níbẹ̀, ọmọ mi. Èémí ẹran yín ni. Inú èémí rẹ̀ lo ti ń gbé látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Bí o bá kúrò lára rẹ̀, kò sí ẹlòmíì tí yóò mí fún ọ lókè yẹn.”

Ọ̀gá mi gun ọ̀pẹ. Ó gùn ún kọjá ibi tí ẹyẹ àwòdì ń fò, ó gùn ún kọjá ibi tí òjò ti ń rọ̀, tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni òjò ń rọ̀ sí. Òtútù mú un tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi le gbagidi, bí ó bá sì ti sín, yìnyín ló ń jáde. Ó ṣí àdó kìíní, ó fà á símú. Ó ṣí èkejì. Oòrùn ràn kedere, síbẹ̀ ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìgbà tó ṣí ẹ̀kẹfà ni ó dé orí imọ̀ ọ̀pẹ, ó jókòó síbẹ̀, ó sì yíjú wo ìsàlẹ̀.

Ó rí ẹran náà lódindi. Ó rí roboto, ó ní àwọ̀ omi aró, ìkùukùu funfun bò ó lára káàkiri, ó tutù, ó ń dán bí ọmọ màlúù tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lá. Ó ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn ńlá náà, kò sì sí ẹlòmíì tó jọ ọ́ níbikíbi tí ojú Ọdẹ́lékè dé. Inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wí ṣáá pé, “Ṣé ibi tí mò ń gbé rèé?” Ìlárá-Odò kò hàn. Olúọdẹ kò hàn. Ọdẹ́bùnmi pàápàá kò hàn, ìyẹn sì tún dùn mọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Ó wá rántí ìbúra rẹ̀. Ó wo iwájú ẹran náà, kò rí ìrù. Ó dúró kí ẹran náà yí kó lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà kò ní ìrù. Ó wo òkè, ó wo abẹ́. Ẹran náà kò ní ìrù rárá. Irin ti gbọ́, iṣu tuntun sì ti fẹ́ jáde.

“Kí lo ń wá?” Ẹnì kan ló bi í bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Òṣùpá ni. Obìnrin arúgbó kan tó gbẹ bí egungun ni, gbogbo ojú rẹ̀ kún fún àpá. Ọdẹ́lékè kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó rojọ́ fún un, ó sì béèrè ohun tó dá gbogbo àpá yẹn sí i lójú. Ìyá Òṣùpá ní eṣinṣin ni, ó ní eṣinṣin ibẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, òkúta ni wọ́n, òmíràn tóbi ju òkè lọ. Ó ní wọ́n ti bu ẹran Ọdẹ́lékè náà jẹ rí, láyé ọjọ́un tí àwọn aláǹgbá tó ga ju ilé lọ ń jẹ̀ lára rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, gbogbo wọn sì bá a lọ. Ọdẹ́lékè béèrè pé ta wá ni ń lé eṣinṣin fún un láti ìgbà náà.

Ìyá Òṣùpá ní, “Kí ni ẹ̀yin èèyàn máa ń wí?”

Ọdẹ́lékè fèsì pé, “Màlúù tí kò ní ìrù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin.”

Ìyá náà ní, “Òótọ́ ni. Kí wá ni Olúwa mú lọ́wọ́ tó fi ń lé e?”

Ọ̀gá mi ṣí ẹnu láti fèsì. Kò tíì pa á dé tí ìyá náà fi nawọ́ sí ọ̀ọ́kán. Òkúta kan ń bọ̀ láti inú òkùnkùn, ó tóbi tó òkè Ìlárá-Odò, ó ń yí gbiri, ojú ibi tí Àyọ̀ká wà gan-an ló kọ sí. Ọdẹ́lékè gbé ìbọn. Ẹ̀tù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó jẹ́ kí òkúta náà sún mọ́ dáadáa kó tó yìn ín, ṣùgbọ́n Ìyá Òṣùpá ní òun náà dúró kí tòun sún mọ́, kó wo ojú òun. Ọdẹ́lékè yìnbọn láti òkèèrè.

Òkúta náà kò fọ́. Ó kàn yẹ̀ díẹ̀, kò ju ìbú ìka kan lọ. Ọdẹ́lékè rò pé òun ti tàsé, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ ọfà ta mọ̀ pé ìbú ìka kan nídìí ọrun, ó lè di ìbú oko kan níbi tí ọfà ń lọ. Bí òkúta náà ṣe ń lọ ló ń yẹ̀ sí i, ó sì kọjá fẹ́rẹ́ létí ẹran náà. Ẹran náà kò tilẹ̀ jí. Nísàlẹ̀ yẹn, ẹni tó ń gúnyán ń gúnyán, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà kò dákẹ́.

Ìyá Òṣùpá ní, “Nínú gbogbo ohun tó ń gbé lára ẹran yẹn, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí tó gòkè wá lé eṣinṣin.”

Ọdẹ́lékè ì bá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìdí ìbọn ti gbá a láyà nígbà tó yìn ín, ó sì ti ń fi ẹ̀yìn fò lọ sílé. Bó ṣe ń já bọ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ wọ̀ ọ́ lára, ó ya àdó keje lẹ́nu, ó sì fi gbogbo èémí inú rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín gba inú ìkùukùu, ó rẹ́rìn-ín kọjá lára àwòdì, ó sì já lu òkìtì ewé iṣu ní àgbàlá Olúọdẹ, níbi tí Ògúngbèmí ti gbé ọ̀bẹ sókè láti gé iṣu tuntun.

Olúọdẹ sọ ọ̀bẹ kalẹ̀. Ó béèrè ìrù. Ọdẹ́lékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ní, “Baba, ìrù nìyí.” Ọdẹ́bùnmi tẹ̀ ba, ó ń wo abẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ọdẹ́lékè wá ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹran náà kò ní ìrù títí a fi dé, àwa èèyàn ni ìrù rẹ̀, iṣẹ́ wa ni kí a gòkè, kí a máa ṣọ́nà, kí a lé ohun tó ń bọ̀ wá bù ú jẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ó ti tún mu ẹmu. Ọdẹ́bùnmi ní lójú àwa ọdẹ, ìrù tí a kò gé kì í ṣe ìrù, ó sì wo ọrùn Ọdẹ́lékè bíi pé ó mọ ibi tí wọn yóò ti gé e.

Olúọdẹ fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Ó ní, “Ìrù tí a bá gé, ṣé ó tún ń lé eṣinṣin?”

Olúọdẹ ní kí Ọdẹ́lékè tún fi ẹnu kan irin pé òótọ́ lòun sọ. Bí ó bá purọ́, kò ní rí ọjọ́ kẹjọ. Ó fi ẹnu kàn án, ó sì lọ dùbúlẹ̀ nílé. Ẹ̀rù bà á, èmi kò ní fi pamọ́ fún yín. Láràárọ̀ ni Àyọ̀ká ń fi ọwọ́ kàn án nímú bóyá ó ń mí, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, èyí tó tún bà á lẹ́rù jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Ọdẹ́lékè jókòó, ó ní ebi ń pa òun. Àyọ̀ká sọkún títí, ó wá se iṣu fún un bí ẹni ń se fún ẹni mẹ́fà.

Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ariwo fi sọ níta. Gbogbo ìlú ló dé, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti agbada. Àṣà ló kúkú jẹ́, bí irin bá ti gba ìrù, onírù yóò mú ìlú lọ pín ẹran. Wọ́n ní níbo ni ẹran wà? Àwọn alápatà ti pín ara wọn, wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí yóò mú itan. Ọdẹ́lékè dúró lẹ́nu ọ̀nà, iṣu wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní orí ẹran náà ni wọ́n dúró lé, kò sì tíì kú.

Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Ìyá arúgbó kan rọra bọ́ bàtà rẹ̀. Alápatà kan fi ọ̀bẹ pamọ́ sẹ́yìn. Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe, ojú sì ń tì wọ́n láti gbé agbada òfìfo padà sílé, àfìgbà tí Àyọ̀ká jáde, tó gba agbada lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù.

Ó ní, “Ẹran tó bá wà láàyè, omi là ń fún un.”

Wọ́n ya lọ sódò. Etí odò tí wọ́n ti dáná sun igi rẹ̀ tán lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n gbin ìrókò àti àfàrà sí, wọ́n sì ń bu omi sí i láràárọ̀ títí òjò fi dé. Abẹ́ igi ọ̀hún lẹ jókòó sí yìí tí ẹ̀ ń gbatẹ́gùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọbìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin méjì gbéra lọ sí ìlú Ìgòkè, wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀pẹ. Ọdẹ́bùnmi ló ń fi iṣu ránṣẹ́ sí wọn.

Ìtàn mi dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni ọ̀gá mi pa, n kò bá a jà. Kó sọ̀ kalẹ̀ lára ẹran náà, kó lọ dúró síbòmíì.